Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Èkìtì Ṣe Lè Fi Àyẹ̀wò Ara-Ẹni Wá Iṣẹ́ Tó Bá A Mu

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà ní EKSU ní Adó, ní FUOYE ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ní BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́, ní ABUAD àti ní Pólì Àpapọ̀ Adó-Èkìtì, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí máàkì JAMB gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Àwọn mìíràn ń ka ohun tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yàn fún wọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fúnra wọn yan ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ronú rí nípa ohun tí ọwọ́ wọn yóò máa ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni àyẹ̀wò ara-ẹni lè ràn lọ́wọ́, bí wọ́n bá mọ bí a ṣe ń lò ó.

Àyẹ̀wò ara-ẹni tí mo ń sọ jẹ́ ìwé-ìbéèrè tí ènìyàn máa ń dáhùn fúnra rẹ̀, lórí ìwé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì fi irú iṣẹ́ tó sún mọ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ hàn án. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908 ni Frank Parsons dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Ohun mẹ́ta ló ní kí ẹni tó fẹ́ yan iṣẹ́ ṣe: kí ó mọ ara rẹ̀ dáadáa, kí ó mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, kí ó sì fi làákàyè so méjèèjì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé. Ohun àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni àyẹ̀wò ń bá ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá rí èsì tán tó sì jókòó ti fi iṣẹ́ méjì tó kù sílẹ̀ láìṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa ara yín sílẹ̀

Ìwé àti bírò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Kí ẹ tó wo ìbéèrè ẹnikẹ́ni, ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe rí sílẹ̀, ti ilé, ti ilé-ìwé, ti oko, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, kí ẹ sì fi àmì sí àwọn tí ẹ máa ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán yín. Ẹni tó máa ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó lẹ́yìn ọjà ní ohun tó lè kọ. Ẹni tí àwọn ará họ́sítẹ́lì máa ń sáré pè nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ náà ní, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yí ká ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la, kí ó lè ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ máa ń sá fún pẹ̀lú.

Ìdí tí mo fi ní kí èyí ṣáájú ni pé bí èsì bá ti dé, ojú èsì ni ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo ara rẹ̀. Ìwé tí ẹ kọ fúnra yín ṣáájú ni ẹ máa fi yẹ èsì náà wò.

Ní ti àkókò, ọdún kejì ni mo gbà pé ó dára jù, kí ètò SIWES tó dé. Ètò yìí, tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ló ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ibi iṣẹ́, oṣù mẹ́fà sì ni fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ dán wò yóò gba ibi tó bá ṣáà ti rí, oṣù mẹ́fà yóò sì lọ lórí kí a máa rán an níṣẹ́ oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan irinṣẹ́ tó ṣeé gbára lé

Àwọn irinṣẹ́ yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn kan ń wo ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí irú iṣẹ́ kan, àwọn kan ń wo ìwà, àwọn kan ń wo ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn mìíràn sì ń wo ohun tí ènìyàn kà sí pàtàkì nínú iṣẹ́, bóyá òmìnira ni, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀ pé owó oṣù kò ní yẹ̀. Ẹ fi ti ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jù lọ.

Èyí tí mo máa ń tọ́ka sí ni O*NET Interest Profiler, tí Ẹ̀ka Ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé jáde. Ó wà lórí mynextmove.org, ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè 60 ló ní, kò sì ju ohun tí ẹ lè ṣe lórí fóònù ní ìjókòó kan. Ní Nàìjíríà níbí, ẹ tún lè lọ bá olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ béèrè bóyá ìwé-ìbéèrè ìfẹ́ iṣẹ́ tí C. G. M. Bakare ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 wà lọ́wọ́ wọn. Àǹfààní tó wà nínú ti olùdámọ̀ràn ni pé ènìyàn ni yóò bá yín ka èsì náà, tí yóò sì lè bi yín ní ìbéèrè tí fóònù kò lè bi yín.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù ni ti lẹ́tà mẹ́rin, ìyẹn Myers-Briggs àti àwọn tó jọ ọ́, tó ń pín gbogbo ènìyàn sí irú 16. Ó lè mú kí ènìyàn ronú nípa ìwà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi yan iṣẹ́. Apá méjì péré ló máa ń pín ìwà kọ̀ọ̀kan sí, bẹ́ẹ̀ àárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi máa ń rí lẹ́tà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín pàápàá sọ pé kò tọ́ láti fi yan ẹni tí a ó gbà síṣẹ́.

Ibi yòówù kí ẹ ti ṣe é, bí wọ́n bá béèrè BVN, nọ́ḿbà káàdì báńkì tàbí owó kí wọ́n tó fi èsì hàn yín, ẹ kúrò níbẹ̀. Kò sí ohun tí ìfẹ́ iṣẹ́ fẹ́ fi BVN ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dáhùn bó ṣe rí lọ́kàn yín gan-an

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ìbéèrè O*NET yóò dárúkọ iṣẹ́ kan, bíi kí a to bíríkì, kí a ṣèwádìí oògùn tuntun, kí a kọ eré, kí a ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lọ́wọ́, kí a máa bójú tó ilé ìtajà, tàbí kí a máa yẹ àkọsílẹ̀ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ìdáhùn márùn-ún ló wà, láti orí "n kò fẹ́ ẹ rárá" títí dé "mo fẹ́ ẹ gan-an." Wọ́n sì ti sọ ọ́ níbẹ̀ pé kí ẹ má ṣe ro ti owó tó wà nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ má sì ro ti bóyá ẹ ti kàwé tó láti ṣe é. Bóyá iṣẹ́ náà wù yín ni ìbéèrè.

Fún ọmọ Èkìtì, èyí ṣòro ju bí ó ti dà létí lọ. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ìwé ni iyì, ìpínlẹ̀ tí a sì ń pè ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ kì í fẹ́ rí ọmọ yunifásítì tó mú ṣọ́bìrì dání. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí "kí a to bíríkì," ojú ni yóò kọ́kọ́ tì í, yóò sì yára tẹ "n kò fẹ́ ẹ rárá," bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun kan náà ló máa ń dúró wo àwọn bíríkìlà láti òwúrọ̀ tí kò fi ní sú u. Ohun tó tibẹ̀ jáde ni pé máàkì rẹ̀ ní apá iṣẹ́ ọwọ́ yóò wálẹ̀, èsì kò sì ní dárúkọ iṣẹ́ ẹnjiníà ilé kíkọ́, wíwọn ilẹ̀, tàbí ṣíṣe àbójútó ilé tí wọ́n ń kọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn iṣẹ́ yìí gan-an ló wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ẹ̀rọ, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ọ títí pé kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ má dáhùn fún àwọn aládùúgbò.

Bí ìbéèrè kan bá sọ nípa iṣẹ́ tí ẹ kò rí rí, ẹ bi ara yín pé: ta ni mo mọ̀ tó ń ṣe ohun tó jọ èyí, kí sì ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe? Ẹni tí kò mọ̀ nípa ríra àti títà ìpín-ìdókòwò mọ alájàpá tó ń ra gààrí ní àsìkò tó wọ́pọ̀, tó sì ń dúró de ìgbà tí yóò wọ́n. Ẹ lo ibi tí ìdáhùn ti wà ní àárín níwọ̀nba. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ sí àárín kò tíì dáhùn ohunkóhun.

Ẹ dá nìkan ṣe é. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò burúkú bá jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka èsì náà

John Holland, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé ètò tí wọ́n fi ń ka èsì yìí kalẹ̀ ní ọdún 1959. Ọ̀nà mẹ́fà ló pín iṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe é sí. Lẹ́tà R dúró fún àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀rọ, ilẹ̀ àti ẹranko. I ni àwọn olùwádìí, tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ títí wọn yóò fi mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. A ni àwọn oníṣẹ́ ọnà, yálà ti orin, ti àwòrán tàbí ti ìwé kíkọ. S ni àwọn tó fẹ́ràn láti kọ́ni, láti tọ́jú ènìyàn àti láti gbani nímọ̀ràn. E ni àwọn tó fẹ́ darí, tó fẹ́ yí ènìyàn lọ́kàn padà, tó sì fẹ́ràn òwò. C ni àwọn elétò, tó fẹ́ kí àkọsílẹ̀ pé, kí owó dọ́gba, kí fáìlì wà ní àyè rẹ̀.

Nínú O*NET, ibi tí máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ga dé ni 40. Ẹ mú mẹ́ta tó ga jù. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 31 ní S, 29 ní C àti 28 ní I. Kò yẹ kí ó máa pariwo pé S ni òun, nítorí pé máàkì méjì tàbí mẹ́ta kò tó nǹkan. Ìbéèrè kan tàbí méjì tó bá dáhùn lọ́nà mìíràn lè gbé èkejì sí ipò kìíní. Kí ó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n bí S bá jẹ́ 36, tí èyí tó tẹ̀lé e sì jẹ́ 20, ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba.

Holland to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yípo bí mo ṣe kà wọ́n yẹn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jọra, àwọn tó dojú kọ ara wọn, bíi R àti S, I àti E, tàbí A àti C, sì jìnnà síra. Bí méjì tó dojú kọ ara wọn bá ga lára yín, kò túmọ̀ sí pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ fẹ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà ń lo R àti S pọ̀ ní ojoojúmọ́.

Bí gbogbo máàkì bá kéré, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ má bẹ̀rù. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ń sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tíì rí iṣẹ́ tó pọ̀ ní ojúkorojú. Ẹni tó dàgbà sí ìlú kékeré, tó jẹ́ pé olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá nìkan ló mọ̀, kò lè ní ìfẹ́ sí iṣẹ́ tí kò gbọ́ rí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ karùn-ún ló yẹ kó ṣáájú, kí ó sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù níbí. Ìfẹ́ ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ìmọ̀ọ́ṣe. Ẹni tí I rẹ̀ ga tí ó sì ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì ṣì ní láti wo ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ mọ́ èsì àyẹ̀wò yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá iṣẹ́ náà kàn nítòsí yín

Lẹ́yìn èsì, O*NET yóò to orúkọ iṣẹ́ jọ, yóò sì pín wọn sí ipele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni. Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ní kí ẹ gbà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ẹ má kà á sí. Ohun tí ẹ máa kà ni àlàyé ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe, kí ẹ wá béèrè pé: ní Èkìtì, ta ló ń ṣe èyí?

Ẹni tí R àti I rẹ̀ ga lè lọ sí oko màlúù tí wọ́n ti ń ṣe wàrà ní Ìkún-Èkìtì, kí ó wo dókítà ẹranko, ẹni tó ń ṣètò oúnjẹ màlúù àti ẹni tó ń yẹ wàrà wò. Ó tún lè lọ sí agbègbè Ìjerò, níbi tí àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì wà nínú ilẹ̀, kí ó mọ ohun tí onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ń ṣe. Fún ẹni tí A àti E rẹ̀ ga, Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ nìkan. Ẹnì kan ló ń ya àwòrán rẹ̀, ẹnì kan ló ń polówó rẹ̀, ẹnì kan ló ń mú àlejò kiri. Ti S àti C, ẹ má rò pé dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ló wà ní ọsibítù ńlá Ìdó-Èkìtì tàbí ti Adó. Àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn wà níbẹ̀, àwọn tó ń bá ìdílé aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí ìnira wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ yunifásítì àti ti pólì wà fún iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn mọ̀ ni.

Ẹ wá ẹnì mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ tó wù yín, ẹ sì lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUOYE. Kì í ṣe pé mo wá wáṣẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yín ṣe rí ni, bí ẹ bá lè yọ̀ǹda ogún ìṣẹ́jú fún mi ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Bí wọ́n bá gbà, ẹ má bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ náà dára, nítorí pé "ó dára, a dúpẹ́" ni ẹ máa gbọ́. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n ṣe lánàá láti ìgbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́ títí tí wọ́n fi kúrò, èwo nínú rẹ̀ ló ń rẹ̀ wọ́n jù, kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń ṣe ní ọdún àkọ́kọ́, àti ìwé-ẹ̀rí tí kò ṣeé ṣe láìní. Ní ti owó oṣù, kò bójú mu kí ọmọdé béèrè iye tí àgbà ń gbà. Ẹ béèrè bóyá owó iṣẹ́ náà lè tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ san owó ilé àti ọkọ̀ ní Adó, wọ́n á dá yín lóhùn.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ mú ìwé ìgbésẹ̀ kìíní jáde, kí ẹ gbé ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ròyìn fún yín ka ẹ̀gbẹ́ àwọn ohun tí ẹ fi àmì sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ fún àwọn òbí yín

Ẹ má gbé èsì fóònù lọ bá bàbá yín pé íntánẹ́ẹ̀tì ní kí ẹ fi ìmọ̀ òfin sílẹ̀. Ẹ dúró títí ẹ ó fi bá àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta yẹn sọ̀rọ̀, kí ẹ wá ìgbà tí ọkàn wọn balẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, láti kékeré, kí lẹ ti rí pé mo máa ń fi tọkàntọkàn ṣe?" Òbí ti rí ohun tí ẹ kò lè rántí, ìdáhùn wọn sì jẹ́ àyẹ̀wò mìíràn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ. Àwọn àgbà ló ní ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú, ọ̀pọ̀ òbí ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé kí ebi má pa ọmọ wọn. Bí ẹ bá lè fi ibi iṣẹ́ kan tó wà ní Èkìtì hàn wọ́n àti ènìyàn kan tó ń jẹun níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà yóò dínkù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ yín ṣe bá a mu

Bí ẹ bá ṣì wà ní ọdún kìíní, ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ yín nípa yíyí ẹ̀ka padà, nítorí pé ó ní àkókò tirẹ̀ àti iye máàkì tí wọ́n ń béèrè. Bí ẹ bá ti wọ ọdún kẹta, èrò tèmi ni pé kí ẹ parí èyí tí ẹ ń kà, kí ẹ sì wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ohun tí ẹ fẹ́. Ẹni tó ka kẹ́mísírì tó sì fẹ́ kọ́ni lè ṣe PGDE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí a ń gbà lẹ́yìn dígírì, kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ka ẹ̀kọ́ mìíràn lè jókòó ṣe ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì Nàìjíríà, kí ó di akáńtáǹtì. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ òfin, níbi tó jẹ́ pé ẹ ní láti ka ẹ̀kọ́ náà gan-an kí wọ́n tó gbà yín láyè láti ṣe é.

Ẹ kọ ọjọ́ sórí èsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn SIWES, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún àṣekágbá kí ìwé ìpè NYSC tó dé. Bí lẹ́tà tó wà níwájú bá yí padà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún, kí ẹ wá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tuntun náà lọ bá.